Ìkòkò Àríyá, Ìkòkò Àjálù

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé èmi ni wọ́n ní kó sọ ọ̀rọ̀ àkànṣe lọ́dún yìí, mo rò pé ó ṣi nọ́ńbà pè ni. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí rèé, ilé ìdáná ni ẹ sì ti ń rí mi. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àkànṣe, láàárín ariwo abọ́. Bí mo bá ti gbọ́ pátẹ́wọ́ gígùn, mo mọ̀ pé àsìkò ti tó láti ṣí kúlà. Lónìí, ẹlòmíràn ló wà nídìí ìkòkò. Ẹ bá mi ṣàdúrà kí ìrẹsì má jóná.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi oúnjẹ ran ara wa àti aládùúgbò wa lọ́wọ́ nígbà tí àjálù bá dé. Mi ò mú ìwé ńlá kankan wá. Ohun tí mo rí fi ojú ara mi, ohun tí mo gbọ́ nípa àwọn tó ṣe é jù mí lọ, àti àṣìṣe tèmi, ni mo kó wá.

Ẹ jẹ́ kí a ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tí ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Òjò rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, odò Ògùnpa kún, ó ya wọlé onílé, ó gbé mọ́tò, ó gbé afárá, ó gbé ọmọ ènìyàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá omi lọ. Ògùnpa tí ẹ bá rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá kó má tilẹ̀ mọ̀ pé odò ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní Mọ́lété, ilé wa sì wà lórí òkè, omi kò dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ènìyàn ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Aṣọ ọrùn ẹlòmíràn nìkan ló kù ú kù. Ẹlòmíràn gbé ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ dání. Ìyá mi kò lọ sọ́jà. Ó gbé ìkòkò ẹ̀kọ kaná níwájú ilé, ó da òróró sínú agbada, ó ní kí n máa gbé ife fún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún obìnrin kan, mo ní, "Mà, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?" Ìyá mi fi ẹ̀yìn ìgbákọ kàn mí lórí. Ó ní, "Má bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Bi wọ́n pé ṣé kí o fi ṣúgà sí i."

Láti ọjọ́ náà, mo ti jókòó lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìrànwọ́. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ju ti ìyá ẹlẹ́kọ yẹn lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin ó padà sídìí ọjà, nítorí àgbàdo ti tán, ẹ̀wà ti tán, owó tí yóò fi ra òmíràn kò sì sí. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti bi í pé èló ló ná. Ẹ bá mi fi ìyẹn pamọ́ sí apá kan, a máa padà sí i.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn rẹ̀, ní ìparí oṣù kẹjọ kan náà, omi tún wá mi dé Houston. Ìjì Harvey wọlé nítòsí Rockport lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù kẹjọ 2017. Mo ní ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, irinwó àlejò. Ewúrẹ́ mẹ́rin ti wà nínú fìrísà. Àpò ìrẹsì mẹ́ta wà nílẹ̀. Mo ti lọ ata, mo ti sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, mo ti dín in. Ìyá ìyàwó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ń sunkún, ó ní wọ́n ti ti gbọ̀ngàn pa. Mo bá a kẹ́dùn. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ata mi ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò dá díẹ̀, àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ariwo lásán ni àwọn oníròyìn pa. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó bẹ̀rẹ̀. Kò dá títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Nederland, lápá ìlà oòrùn ibí, òjò tí wọ́n wọ̀n lé ní ọgọ́ta ínṣì. Bí ẹ bá gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mí lórí. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún tú omi adágún Addicks àti Barker sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí òjò kò rí mú, omi adágún mú un. Ní gbọ̀ngàn George R. Brown láàárín ìlú, 5,000 ènìyàn ni wọ́n ṣètò ibùsùn fún. Àwọn tó wá síbẹ̀ kọjá 10,000.

Òpópónà tiwa ní Alief kò rì. Èyí tó tẹ̀ lé e rì. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, bí àwọn ará Èkó ṣe máa ń wí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé náà, mo gbé sítóòfù ńlá sábẹ́ gáréèjì, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu, mo gbé ìkòkò ìgbéyàwó kaná. Aládùúgbò wa, ará Vietnam, gbé sílíńdà gáàsì méjì wá láìjẹ́ pé a pè é. Ọkùnrin ará Mexico tó ń gbé níwájú ilé wa ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ga, tó lè la omi kọjá. Ọkọ mi, tí kò fọ abọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, fọ abọ́.

A se jọ̀lọ́ọ̀fù bí mo ṣe máa ń sè é fún òde, ata rodo inú rẹ̀ pé. A gbé e lọ sí ilé ìwé kan tí wọ́n kó àwọn tí ilé wọn rì sí. Ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ figbe ta. Ìyá arúgbó kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, tọ́ ọ wò, ó mu omi, ó tún mu omi, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, omi ló lé wa kúrò nílé. Ṣé iná ló wá kàn ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e kò pani lẹ́rìn-ín. Bàbá kan gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ mi. Ó ti ṣí i, ó ti bù ú, ó wá bi mí pé ṣé kò sí nǹkan inú omi nínú rẹ̀. Rárá ló wà lẹ́nu mi. Ọlọ́run ló ní kí n rántí edé. Bàbá yẹn, bí edé bá kan ọ̀fun rẹ̀, ọ̀fun á wú, èémí á há. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù, ọ̀nà rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Mo gba mọ́ínmọ́ín náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àánú ni mo fi sè é, àánú náà ni ǹ bá sì fi pa á. Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ tó ń ti ọwọ́ mi jáde lọ fún ẹni tí mi ò mọ̀ láìjẹ́ pé mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike: edé, ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, irú ẹran tó jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ bi wọ́n kí n tó dáná. Ìrẹsì funfun ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ adìyẹ tí ata rẹ̀ kò ta lẹ́nu. Mo gbé ata dídín sínú abọ́ lọ́tọ̀, fún ẹni tó bá láyà. Ìyá arúgbó yẹn wá bá mi nídìí ìkòkò lọ́jọ́ kẹta. Ó ní omi kejì tó lé òun nìyí. Ìjì Katrina ló lé òun kúrò ní New Orleans lọ́dún 2005. Ó wo ilá tí mò ń gé, ó mi orí, ó ní mo gé e wẹ́wẹ́ jù, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló se ọbẹ̀, èmi ni mò ń bu omi fún un. Ẹ ò rí ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé abọ́ oúnjẹ fún un, kò tú ká tó bẹ́ẹ̀.

Mo ronú sí i títí. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London lọ́dún Harvey kan náà, ọ̀rọ̀ sì yé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ rántí Grenfell. Ní 14 oṣù kẹfà 2017, iná jó ilé gogoro náà, ènìyàn 72 kú. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè bọ́ sí. Ibùsùn wà níbẹ̀, omi gbígbóná wà, ṣùgbọ́n ibi ìdáná kò sí. Àwọn obìnrin kan lọ bá Al Manaar, ilé àṣà àwọn Mùsùlùmí tó wà nítòsí, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lo ilé ìdáná wọn kí àwọn lè sè fún ẹbí àwọn. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí i lò. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Hubb, ìyẹn ìfẹ́ lédè Lárúbáwá. Nígbà tó di 2018, wọ́n kó ọ̀nà ìsebẹ̀ wọn jọ sínú ìwé kan, Meghan ìyàwó Ọmọba Harry kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, owó ìwé náà sì padà sínú ilé ìdáná. Àwọn obìnrin yẹn kò wá ẹni tí yóò bọ́ wọn. Ìkòkò ni wọ́n ń wá.

Kí ẹ má bàa rò pé àwa obìnrin nìkan ló ń ṣàṣìṣe nídìí ìkòkò, ẹ ti gbọ́ orúkọ José Andrés, alásè ará Spain tó dá World Central Kitchen sílẹ̀ ní 2010 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní Haiti. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́: ó se ẹ̀wà fún àwọn tó wà nínú àgọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ wò ó, wọ́n ní àwọn kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, ó di ọbẹ̀ tó kúnná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbẹ̀gìrì, ta ló jàre? Bàbá náà kọ́gbọ́n. Nígbà tí ìjì Maria kọlu Puerto Rico ní 20 oṣù kẹsàn-án 2017, ọbẹ̀ sancocho, ọbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ gan-an, ni òun àti àwọn alásè erékùṣù náà fi bẹ̀rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Santurce. Kí wọ́n tó sọ ìgbákọ kalẹ̀, abọ́ tí wọ́n bù ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Níbí náà, nígbà Harvey, àwọn aṣebúrẹ́dì El Bolillo há sínú ilé búrẹ́dì wọn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, omi yí wọn ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun tí wọ́n yan lé ní 4,000 páùn. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n kó búrẹ́dì náà lọ fún àwọn tí omi lé. Ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni wọ́n ṣe. Wọn ò kọ́ iṣẹ́ tuntun.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ìkòkò tí a fi ń ṣe àríyá ni ìkòkò tí a ó fi kojú àjálù. Ẹgbẹ́ wo ló wà nílùú yìí tó lè bọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí wọn kò sì ní ránṣẹ́ sí ìjọba? Àwa ni. A ní ìkòkò tó gba odidi àpò ìrẹsì. A ní agbada, ọmọrogùn, tábìlì, kúlà, àga tí kò níye. A ní àwọn obìnrin tó ń wo ojú ìrẹsì kí wọ́n tó mọ iye omi. A ní nọ́ọ̀sì tó pọ̀ débi pé, bí mo bá dákú síbí, wọ́n á máa ti ara wọn. Àmọ́ ẹ bi wá pé ìkòkò mélòó la ní, ọwọ́ ta ló wà, ta ló ní sítóòfù gáàsì. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gún yín lára díẹ̀, ẹ má bínú. Mo lè sọ fún yín báyìí ẹni tó gba aṣọ ẹgbẹ́ ọdún 2019 tí kò tíì san owó rẹ̀ tán. Akápò ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló ń dá gbé nínú wa? Bàbá wo ni kò lè wakọ̀ lálẹ́ mọ́? Ta ló ní àtọ̀gbẹ tí kò lè jẹ ìrẹsì funfun ní ọjọ́ mẹ́ta léra wọn? Ta lẹ̀rọ ń bá mí, tó jẹ́ pé bí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti wákàtí? A mọ iye ìgbọ̀nwọ́ aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, a ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ.

Nílé ńkọ́? Ní ìparí oṣù kẹta 2020, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abuja nítorí kòrónà. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lóòjọ́ ló ń jẹ lóòjọ́, wọ́n ní kó jókòó sílé. Ìjọba Èkó kéde oúnjẹ ìrànwọ́ fún ìdílé 200,000. Àwọn kan rí i gbà. Ọ̀pọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìbọn tí wọ́n yìn sí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Lekki, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, wọ́n bá ìrẹsì, gààrí àti núdù níbẹ̀ tó tò dé òrùlé. Àwọn gómìnà ní apá kan rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú de ọjọ́ mìíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi gààrí sùn fún oṣù mélòó, ẹ lọ ṣàlàyé ọjọ́ mìíràn fún un.

Èyí tó dun mí jù, ẹnu mi wúwo láti sọ ọ́. Ní 18 oṣù kejìlá 2024, ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, ìlú tí wọ́n ti bí mi, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ní Maitama ní Abuja, àwọn tó tò fún ìrẹsì àti oúnjẹ mìíràn tún kú bákan náà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n níbi tí ebi ti ń pa ogunlọ́gọ̀, bí ẹ bá kéde pé oúnjẹ wà níbì kan ṣoṣo, ní agogo kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà yẹn ti di ewu kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀.

Oúnjẹ ni kó rìn. Kí ènìyàn jókòó sílé. Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa. Bí àgbà bá kú, wọ́n á dín àkàrà, ọmọdé á sì máa gbé e ká ojúlé. Bí a bá ṣe sàráà, àwo ló ń rìn, kì í ṣe aládùúgbò. Títí di òní, àwọn tó ń ṣe ọdún Ìbejì ní Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pe àkàrà ní acarajé, ọmọdé méje ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu caruru fún kí àgbàlagbà tó fọwọ́ kan abọ́. Ẹni tó ṣètò bẹ́ẹ̀ ti rí ìgbà tí àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọmọdé sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan sì kù lórí èyí: bí ẹ bá ń pín oúnjẹ, ẹ gbé fóònù yín sápò. Ẹni tí omi lé nílé kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rí i lórí Facebook, ní Ṣakí, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Mo ní kí ẹ fi ìyá mi pamọ́ sí apá kan. Àgbàdo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kẹrin. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn obìnrin kan tó ń jẹ́ Georgia Gilmore. Ní Montgomery, Alabama, láti oṣù kejìlá 1955, àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 381 nítorí ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń ṣe sí wọn nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ó lé ní ọdún kan tí ènìyàn ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń wá owó epo àti owó táyà fún àwọn ọkọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́. Alásè ni Georgia. Ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń dín adìyẹ, wọ́n ń yan kéèkì àti páì, wọ́n ń tà á káàkiri, títí kan ṣọ́ọ̀bù onídìrí, wọ́n ń kó owó rẹ̀ wá sípàdé. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Club from Nowhere, ẹgbẹ́ tí kò ti ibì kankan wá, kó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ibi tí owó ti wá, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Wọ́n lé Georgia kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó jẹ́rìí nílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì náà. Martin Luther King ní kó máa sè nínú ilé ara rẹ̀, ó bá a wá owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé ìdáná yẹn sì ni àwọn aṣáájú ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń gbèrò. Nígbà tó kú ní oṣù kẹta 1990, oúnjẹ tó ti sè sílẹ̀ fún àwọn tó wá ṣàjọ̀dún ìrìn ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ti Selma ni wọ́n bù fún àwọn tó wá kẹ́dùn.

Georgia mọ ohun tí ẹgbẹ́ wa kò tíì mọ̀: pé owó ìkòkò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Tiwa ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lónìí, a óò ṣí ojú ìwé WhatsApp lọ́la, a óò máa kọ orúkọ, ẹnì kan á kọ "mo ń bọ̀ wá san án", ó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ebi kì í dúró de ìpàdé. Bí alásè bá fi owó ara rẹ̀ ra ìrẹsì lọ́jọ́ kìíní, kí ẹgbẹ́ dá a padà fún un lọ́jọ́ kejì, kó lè sè lọ́jọ́ kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá ẹ̀yin alásè ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lè máa wo fóònù yín, ó kù díẹ̀ kí n parí.

Nígbà tí ìjì Beryl dé ní 8 oṣù keje ọdún 2024, iná lọ ní ilé tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ní Houston àti agbègbè rẹ̀. Kì í ṣe "Níbo la máa sùn sí?" ni mo gbọ́ jù lórí fóònù. "Ẹran mi ńkọ́?" ni. Fìríìjì tí ẹ kò ṣí, wákàtí mẹ́rin ló lè mú. Fìrísà tó kún dẹ́nu, tí ẹ kò ṣí, wákàtí 48; bí kò bá ju ààbọ̀ lọ, wákàtí 24. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ewúrẹ́ yín títí yóò fi rà. Ọjọ́ kìíní ni kí òpópónà kọ̀ọ̀kan kó ẹran wọn jọ sínú ìkòkò kan, kí wọ́n sè é, kí wọ́n pín in. Eédú, ìta ni kó wà. Ní oṣù kejì 2021, nígbà tí yìnyín bo Texas tí iná lọ, àwọn kan gbé ìdáná eédú wọlé kí ara wọn lè gbóná. Gáàsì tó ń ti ara eédú jáde kò ní òórùn. Àwọn kan sùn, wọn kò jí.

Ní ti kúlà, mo mọ̀ pé ìgbéraga wa ni. Kúlà ìrẹsì tó gbóná láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìgbà ijó! Ó dára bó bá gbóná lóòótọ́. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ oúnjẹ, kò wọ́n. Bí ìrẹsì náà bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 140 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, kòkòrò ti ń jí dìde nìyẹn. Wákàtí méjì lẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ, nínú ooru tiwa yìí, wákàtí kan. Ní òde, bí inú bá run ènìyàn mẹ́wàá, a óò ní ata ló pọ̀. Ní gbọ̀ngàn tí 300 ènìyàn ń sùn sí, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Alága, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ẹgbẹ́. Ojú ìwé kìíní wà fún ìkòkò, ojú ìwé kejì wà fún àwọn tó ń dá gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo ti kọ orúkọ mi sí ìlà àkọ́kọ́: ìkòkò mẹ́ta, agbada kan, sítóòfù gáàsì méjì, kúlà mẹ́rin, ọkọ kan tó ti mọ abọ́ fọ̀. Ẹ wá kọ tiyín kí ẹ tó jókòó jẹun. Wọ́n ń ṣẹ́wọ́ sí mi látẹ̀yìn pé ìrẹsì ti jinná.